Àpò Abẹ́ Gàárì: Ohun Tí Ológeere Ń Gbé Rìn ní Ilẹ̀ Yewa

Nígbà tí àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton àti Richard Lander gba Àgbádárìgì wọlé ní ìparí ọdún 1825, tí wọ́n gba Ìjánná nítòsí Ìlaròó kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé, orí alárù ni ẹrù wọn wà. Bí okùn bá já lọ́nà, ẹni tí yóò so ó ń bẹ nínú èrò. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló wá sọ arìnrìn-àjò di ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dá gun kẹ̀kẹ́ jáde láti Ayétòrò lọ sápá Ìmẹ̀kọ, òun ni ọlọ́jà, òun ni alárù, òun náà ni yóò sì tún kẹ̀kẹ́ ṣe bó bá bàjẹ́ sáàárín igbó.

Àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà mọ èyí. Raleigh, Hercules, Rudge àti Phillips tí wọ́n ń kó wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìjọba amúnisìn ní àpò awọ kékeré tí wọ́n ń so sẹ́yìn gàárì. Inú rẹ̀ ni sìpánà pẹlẹbẹ oníhò púpọ̀ máa ń wà, pẹ̀lú irin tí a fi ń yọ táyà, sólúṣọ̀n àti pátàṣì. Pọ́ǹpù ní tirẹ̀ wà lára irin kẹ̀kẹ́.

Ohun tó kéré jù nínú àpò yẹn ló ń dá ènìyàn dúró jù. Fáàfù kẹ̀kẹ́ ìgbà náà ní irin tín-ín-rín kan nínú, ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà, rọ́bà wẹ́rẹ́ kan ni wọ́n sì fi bò ó. Bí a bá ń fún afẹ́fẹ́ wọlé, rọ́bà á fẹ̀ díẹ̀; bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ padà jáde, á lẹ̀ mọ́ irin, á dí ihò. Oòrùn a máa jẹ rọ́bà yìí títí á fi sán. Táyà tó le koko láàárọ̀ á wá rọ̀ jọwọrọ kó tó di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gún kankan ò gún un. Ọlọ́gbọ́n ológeere kì í jáde láìní ègé rọ́bà fáàfù bíi mélòó kan lápò.

Omi ni ẹrù kejì. Ilẹ̀ Kétu, tí àdéhùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889 là sí méjì, tí ìlú Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ kù sápá Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ilẹ̀ olómi. Nígbà ọyẹ́, ẹni tó ń retí odò lójú ọ̀nà ibẹ̀ lè retí títí. Akèrègbè ni àgbẹ̀ ń gbé lọ sóko tẹ́lẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ló gbapò rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tí wọ́n fi rọ́bà túùbù gígé dè mọ́ káríà. Okùn túùbù yìí náà ni wọ́n fi ń di àpò gààrí, obì àti ẹ̀kùrọ́ tó ń lọ nígbà náà sí ibùdókọ̀ ojú irin láti Ìfọ̀ dé Ìlaròó àti Ìdógò, òun náà ni wọ́n sì fi ń di ẹrù fàyàwọ́ tó ń gba ojú ọ̀nà tí lọ́rì kò lè gbà.

Ní ilẹ̀ Faransé nígbà kan, wọ́n fi òfin de ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje. Nínú ìdíje Tour de France ti 1913, irin tó di ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ Eugène Christophe mú kán lórí òkè Tourmalet. Ó fẹsẹ̀ rìn ju kìlómítà 10 lọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ náà dé abúlé Sainte-Marie-de-Campan, ó wọ ilé alágbẹ̀dẹ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ jó irin náà. Ọmọdé kan bá a fín ẹwìrì. Àwọn adájọ́ ní ìrànlọ́wọ́ nìyẹn, wọ́n fìyà àfikún àkókò jẹ ẹ́. Ní Ìlaròó, ọmọ tó bá kọ̀ láti fín iná ni à bá bá wí.

Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí àpò abẹ́ gàárì máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbí. Fọkanáísà dé oríta. Á fi ọwọ́ ṣíbí yọ táyà, á fẹ́ túùbù, á tì í bọ inú abọ́ omi títí yóò fi hó kùtùkùtù níbi tó ti lu. Á ha ojú ibẹ̀, á gé rọ́bà tútù lé e, á fi pístìnì ọkọ̀ àtijọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, á da pẹtiróòlù díẹ̀ sínú pístìnì náà, á ṣáná sí i. Bí iná bá fi máa kú, rọ́bà ti jinná. Ta ló tún fẹ́ máa gbé pátàṣì kiri? Ibi tí fọkanáísà pọ̀ sí, ẹrù ológeere kéré. Ibi tí oríta ti jìnnà síra, bíi ọ̀nà igbó tó lọ sí ẹnubodè, ẹrù náà tún pọ̀.

Kẹ̀kẹ́ orí òkè, tí àwọn ọ̀dọ́ Marin County ní Kalifóníà gbé jáde láàárín àwọn ọdún 1970, inú irú ọ̀nà tí kò ní oríta bẹ́ẹ̀ ló ti wá. Ìdíje sísọ̀kalẹ̀ òkè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1976 ni wọ́n ń pè ní Repack, nítorí gíríìsì inú bíréèkì a máa jóná bí wọ́n bá sọ̀ délẹ̀, àfi kí wọ́n tún un kì. Ní ti omi, ní ìparí àwọn ọdún 1980, Michael Eidson, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, lọ díje nínú ooru Texas. Ó rọ omi sínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń fa omi síni lára nílé ìwòsàn, ó kì í bọ ìbọ̀sẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni àpò omi àpọ̀nsẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní CamelBak ti ṣẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ orí òkè onítáyà ńlá yìí ti wà ní Ìlaròó báyìí, tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Fáàfù ọ̀pọ̀ wọn bá ti mọ́tò mu, nítorí náà kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fọkanáísà lè fún un ní afẹ́fẹ́. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló ṣòro. Sìpánà oníhò púpọ̀ ti àtijọ́ kò wúlò fún un. Kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà ló ń tú u, mílímítà 4, 5 àti 6 pàápàá, èyí tí kì í sábà sí nínú àpótí fọkanáísà. Mẹ́ta yìí, túùbù kan àti omi: ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ kó gbé wọn dání.