Láti Inú Ìwé Dúkìá Dé Ojú Fàdákà: Ìtàn Owó Ìrántí Booker T. Washington

Ní ọdún 1861, nígbà tí àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ James Burroughs kú ní ìpínlẹ̀ Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ka gbogbo dúkìá tó fi sílẹ̀, wọ́n sì kọ iye owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sínú ìwé. Inú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n kọ orúkọ ọmọdékùnrin adúláwọ̀ kan sí, Booker, ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ní 400 dọ́là ni iye rẹ̀. Ní 1946, ìjọba orílẹ̀-èdè yẹn kan náà rọ ojú ọmọ yìí sára owó fàdákà. Àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ mọ owó náà dáadáa, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í kà á sí. Lójú tèmi, kò sí owó ìrántí fàdákà kankan nínú àwọn ti Amẹ́ríkà àtijọ́ tí ìtàn rẹ̀ tó tirẹ̀ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí owó ìrántí jẹ́. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ta aṣọ ẹbí ti mọ ọ̀nà rẹ̀ tán. Ẹgbẹ́ kan tí ó fẹ́ ṣe ayẹyẹ tàbí kọ́ ilé ìrántí yóò lọ bẹ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ pé kí wọ́n ṣe òfin. Láyé àtijọ́, bí òfin bá ti jáde, ilé iṣẹ́ ìrọwó ìjọba yóò rọ owó náà, ẹgbẹ́ yóò rà á ní iye tí a kọ sí i lára, yóò sì tà á fún aráàlú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè orí rẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé. Ọdún 1892 ni èyí bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n rọ ààbọ̀ dọ́là tí àwòrán Christopher Columbus wà lára rẹ̀ fún ìpàtẹ ńlá ìlú Chicago. Dọ́là kan ni wọ́n ń ta ààbọ̀ dọ́là náà. Láti ìgbà náà títí di 1954, ààbọ̀ dọ́là ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn owó ìrántí wọ̀nyí: gíráàmù 12.5 ni ìwọ̀n rẹ̀, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà.

Ibi tí èrè bá wà, ojúkòkòrò kò ní jìnnà. Ní 1936, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Melish gba àṣẹ owó kan láti fi ṣe àjọ̀dún 50 ọdún ìlú Cincinnati gẹ́gẹ́ bí ojúkò orin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun pàtàkì kan nípa orin tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1886. Àpò 5,000 péré ni wọ́n ṣe, owó mẹ́ta nínú àpò kan. Owó tí àpapọ̀ iye ara rẹ̀ jẹ́ dọ́là kan àtààbọ̀ ni wọ́n tà ní 7.75 dọ́là. Irú ìwà báyìí pọ̀ láyé ìgbà náà débi pé ní 1939 Ilé Aṣòfin fòfin de àwọn owó tí wọ́n ṣì ń rọ lórí àṣẹ àtẹ̀yìnwá.

Ṣáájú èyí ni wọ́n ti rọ owó kan tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ní 1925, wọ́n rọ ààbọ̀ dọ́là fún òkè Stone Mountain ní Georgia, níbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ àwòrán àwọn ọ̀gágun Gúúsù sí. Robert E. Lee àti Stonewall Jackson ló wà lórí ẹṣin lára owó náà, àwọn tó jagun fún ìjọba tó yapa nítorí kí oko ẹrú má bàa parẹ́. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì tí wọ́n rọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ìwọ̀n kan náà àti fàdákà kan náà ni wọ́n padà fi rọ ojú Booker.

Booker yìí ni Booker T. Washington, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé Tuskegee ní Alabama ní 1881. (Ilé-ìwé yìí kan náà ló rán àwọn tó jáde níbẹ̀ lọ sí Tógò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, láti lọ kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní òwú gbíngbìn lábẹ́ ìjọba Jámánì, ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ó kú ní 1915. Sidney J. Phillips, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Tuskegee rí, ra oko tí wọ́n ti bí ọ̀gá náà, ó sì fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìrántí. Ó gba ọ̀nà owó ìrántí lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 1946, Ààrẹ Truman fọwọ́ sí òfin rẹ̀, pẹ̀lú ti ìpínlẹ̀ Iowa tó ń ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún. Iowa rọ 100,000, ó sì tà wọ́n tán. Kódà, wọ́n fi 500 pamọ́ de ọdún 2046. Ní ti Booker, mílíọ̀nù márùn-ún ni òfin yọ̀ǹda.

Isaac Scott Hathaway ló ya àwòrán rẹ̀, adúláwọ̀ tó ti kọ́ni ní iṣẹ́ amọ̀ ní Tuskegee. Agbẹ́rè mìíràn, Charles Keck, ni wọ́n kọ́kọ́ gbéṣẹ́ fún. Ṣùgbọ́n àwòṣe ojú Washington, èyí tí wọ́n tẹ̀ lójú rẹ̀ gan-an nígbà ayé rẹ̀, wà lọ́wọ́ Hathaway, ti Hathaway sì ni wọ́n mú níkẹyìn. Báyìí ni adúláwọ̀ kọ́kọ́ hàn lára owó Amẹ́ríkà, tí ó sì jẹ́ pé adúláwọ̀ ló yà á. Ní ẹ̀yìn owó náà, ahéré onígi kan wà nísàlẹ̀, ilé ńlá tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn ẹni ńlá ní New York wà lókè, wọ́n sì kọ ọ́ sáàárín pé láti ahéré ẹrú ni ọkùnrin náà ti dé ilé ọlá.

Ọjà kò tà bí Phillips ti rò. Ọdọọdún ni wọ́n ń rọ òmíràn títí di 1951, ní ilé iṣẹ́ ìrọwó mẹ́ta, kí àwọn tí ń kó owó jọ lè máa ra ti ọdún kọ̀ọ̀kan. Ó sú wọn. Èyí tó lé ní 1,500,000 ni wọ́n dá padà láti lọ yọ́. Ní 1951, Phillips gba òfin tuntun pé kí wọ́n fi fàdákà tó ṣẹ́kù rọ òmíràn, tí ojú Washington àti ti George Washington Carver, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n bí sínú ẹrú, yóò jọ wà lára rẹ̀. Ìdí tí òfin náà fi yà á sọ́tọ̀ ni kí wọ́n fi èrè rẹ̀ dènà ìtànkálẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ́múníìsì láàárín àwọn adúláwọ̀. Àwọn tí kò lè jókòó síwájú nínú bọ́ọ̀sì ní Alabama lọ́jọ́ náà ni wọ́n fẹ́ fi owó ẹyọ kọ́ ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè! Àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi sẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nípa òmìnira àti àǹfààní fún gbogbo ènìyàn. Ó parí ní 1954. Lẹ́yìn rẹ̀, Amẹ́ríkà kò rọ owó ìrántí mìíràn títí di 1982. Ní 1956, ìjọba àpapọ̀ sọ oko Burroughs di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè, láìní owó ẹyọ kan nínú.

Nítorí pé owó náà pọ̀, ó wà lára èyí tó rọrùn jù láti rà lónìí. Ti 1946 kì í sábà jìnnà sí iye fàdákà inú rẹ̀. Ti 1949 àti àwọn kan nínú ti 1950 ṣọ̀wọ́n, nítorí nǹkan bí 6,000 ni wọ́n rọ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Washington ló yọ síta jù lára owó náà, nítorí náà ibẹ̀ ni ó máa ń fara gbọgbẹ́ nígbà tí àwọn owó bá ń lu ara wọn nínú àpò. Èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ kedere ṣòro rí. Ẹni tó bá rí ọ̀kan rà, tí ó ti dúdú díẹ̀, kó má ṣe fi eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ara fàdákà ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n rà kì í sì í san owó gidi fún èyí tí wọ́n bá ti họ ojú rẹ̀.