Oúnjẹ àti ìrìn fún aláboyún tó sanra

Ní Jíbówú, lẹ́bàá òpópónà Ìkòròdú níbi tí àwọn ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ti ń gbéra, oúnjẹ kì í ṣọ̀wọ́n fún aláboyún. Gálà, búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà nílẹ̀ láti ìdájí dalẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni ti obìnrin tó ti sanra kí ó tó lóyún, tí àwọn ará ilé tún ń rọ̀ pé kí ó máa jẹun fún ẹni méjì. Àṣìṣe gbáà ni ìmọ̀ràn yìí. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ inú kò béèrè ju oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti mọ ẹni tó sanra jù, wọn a fi gíga rẹ̀ ní mítà pín kílò tó wọ̀n kí ó tó lóyún, wọn a sì tún fi gíga náà pín in lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ga ní mítà 1.60 tó sì wọn kílò 72 ti lé ní 28. Láti 25 sókè ni ara ti pọ̀ jù, láti 30 sókè ló ti di àsanjù. Ìlànà tí Institute of Medicine ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2009 ni pé kí ẹni tó wà láàrin 25 sí 30 fi kílò 7 sí 11.5 kún ara rẹ̀ títí yóò fi bímọ. Àwọn tó tó 30, kílò 5 sí 9. Kò ní kí ẹnikẹ́ni febi pa ara rẹ̀ kí ó lè rù o.

Ohun tí wọ́n ń sá fún ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú oyún, ọmọ tó tóbi jù àti iṣẹ́ abẹ. Ní 2017, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìwádìí kan jáde tó kó ọ̀rọ̀ àwọn aláboyún tó ju 12,000 lọ jọ. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti ṣàtúnṣe sí oúnjẹ àti ìrìn wọn fi bíi kílò 0.7 dín sanra sí i ju àwọn yòókù lọ. Ìyàtọ̀ náà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ dín kù láàrin wọn.

Nínú àwo ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa ẹ̀bà tàbí iyán tì. Kí òkèlè kéré sí ti tẹ́lẹ̀ ni, kí ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí epo inú ọbẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Omi ni kí ó rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọsàn sàn ju gálà lọ fún ẹni tí ebi ń pa nínú ọkọ̀, bí ọwọ́ tó bó o bá mọ́.

Ní ti ìrìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí aláboyún tí ara rẹ̀ le máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí yóò mú ara gbóná díẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ márùn-ún tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò rìn rí lè fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀. Bí èémí kò bá jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí ó dẹ ẹsẹ̀. Àwọn àdúgbò inú Jíbówú ní àárọ̀ kùtù sàn fún un ju etí òpópónà lọ, nítorí èéfín ọkọ̀.

Ẹni tí ibi ọmọ rẹ̀ dí ojú ọ̀nà, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé oyún rẹ̀ lè wálẹ̀, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé ìwòsàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, tí omi bá ń jò, tí àyà bá ń dùn ún tàbí tí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.