Àtọ̀gbẹ: Ohun Tí Ṣúgà Ń Bàjẹ́ Kí Èèyàn Tó Mọ̀

Àwọn bàbá wa ló sọ ìtọ̀ ṣúgà ní àtọ̀gbẹ, nítorí wọ́n rí i pé ẹni tó ń ṣe á máa tọ̀ ṣáá, òǹgbẹ á sì máa gbẹ ẹ́, títí yóò fi rù. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń bo ibi tó bá tọ̀ sí. Òótọ́ ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn náà wà, kì í ṣe inú ìtọ̀.

Ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì àti búrẹ́dì tí a ń jẹ, ṣúgà ni ara ń sọ wọ́n dà, òun ló sì ń fún wa lágbára. Ohun tó ń jẹ́ insulin ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà yìí kó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpòlúkù, tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, ló ń ṣe é. Ní oríṣi kìíní, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, insulin ti tán pátápátá tàbí kó kù díẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ insulin ní Toronto lọ́dún 1922, ọmọ tó bá ní irú èyí kì í pẹ́ láyé. Oríṣi kejì ló wọ́pọ̀ jù: insulin wà, àmọ́ ara kò dá a lóhùn dáadáa mọ́.

Ṣúgà tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́ á máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ó ń sọ ojú di bàìbàì, ó ń dá kíndìnrín dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń pa àtẹ́lẹsẹ̀ kú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kó má mọ̀, omi gbígbóná sì lè bó o. Ojú egbò bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná, àwọn mìíràn ni wọ́n gé ẹsẹ̀ fún. Ẹ̀yin ará, ìgbà tí ẹ bá ń ṣe àlùwàlá ni kí ẹ yẹ ẹsẹ̀ yín wò dáadáa, kí ẹ sì nu àárín ọmọ ìka gbẹ.

Àwọn ìyá wa ní ewúro ń fọ ṣúgà. A ò bá ewúro jà, ọbẹ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá, ìwọ̀nba ni kí ẹ jẹ ẹ́.

Àyẹ̀wò nìkan ló ń sọ òótọ́. Bí ṣúgà bá tó 126 mg/dL láàárọ̀ kí èèyàn tó jẹun, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ nìyẹn.

Ní ti ààwẹ̀ Ramadan, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Súratul-Baqarah, àáyà 184 àti 185. Ẹni tó bá fẹ́ gbààwẹ̀, kó rí dókítà ṣáájú, kí wọ́n lè tún àsìkò oògùn rẹ̀ tò sí sààrì àti ìṣínu. Gígún ìka láti fi yẹ ṣúgà wò kì í ba ààwẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onímímọ̀. Bó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, tàbí tó kọjá 300, kó ṣínu lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí wọ́n pe ìrun màgàríbì.