Dandan Adójútòfò Ìlera: Ta Ni Yóò Yọ Ti Atẹ̀wé Ṣómólú?

Nígbà tí Kòrónà ń jà lọ́dún 2020, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ẹni tó bá kó o ní ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ìjọba l’Ékòó. Ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn; adójútòfò ìlera ló yẹ kó bójú tó irú wọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, òfin tó sọ adójútòfò ìlera di dandan. Gómìnà Èkó, Babajide Sanwo-Olu, fi àṣẹ tirẹ̀ tì í lẹ́yìn ní oṣù Keje 2024.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kò ní wàhálà: wọ́n á ti yọ owó adójútòfò rẹ̀ kí owó oṣù tó wọlé. Ta ni yóò yọ ti atẹ̀wé Ṣómólú? Ẹni tó ń gé bébà, ẹni tó ń fi góòmù lẹ ẹ̀yìn ìwé, iṣẹ́ tó bá wọlé lónìí ni wọ́n ń jẹ lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni apẹja àti ìyàwó rẹ̀ tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, Bàrígà.

Iye owó nìkan kọ́ ló ń dá wọn dúró. Nígbà tí Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Èkó tí àjọ LASHMA ń bójú tó, bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2018, 8,500 náírà ni ẹnìkan ń san lọ́dún, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà sì ń san 40,000. Ti ẹnìkan yẹn kò tó náírà 24 lójúmọ́. Kíkó o sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló nira. Alájọ tó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, tó ń fa igi sí káàdì bó bá ti gbowó, ti mọ ọ̀nà àbáyọ kí LASHMA tó dé.

Àwọn kan lè ní kí ìjọba sáà fi àṣẹ mú wọn. Ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan kò lè mú kí ènìyàn dúró nínú ètò; ẹ wo Amẹ́ríkà. Láti oṣù Kẹta 2020 títí dé òpin oṣù Kẹta 2023, wọn kì í yọ ẹni tó wà lórí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan, kúrò. Nígbà tí ààbò yẹn parí, ó lé ní mílíọ̀nù 25 ènìyàn tí wọ́n yọ, nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá wọn nítorí ọ̀ràn ìwé tí kò pé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hàn pé ètò náà kò tọ́ sí wọn.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ atẹ̀wé, ẹgbẹ́ apẹja àti alájọ ló yẹ kí LASHMA gbà wọlé: kí owó máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kí káàdì sì máa ṣiṣẹ́ lọ níwọ̀n ìgbà tí owó ń wọlé. Ẹni tí kò ní rárá, owó ìlera ìpìlẹ̀ tí Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 yà sọ́tọ̀ wà fún un. Kí LASHMA sì máa kéde iye ẹni tó tún san lọ́dún kejì, ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan.