Ìtàn Ètò Àkókò Iṣẹ́ àti Ìṣirò Ewu

Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ńlá, ìbáà jẹ́ afárá, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ìbéèrè mẹ́ta ló ń dojú kọ ọ́: ọjọ́ wo ni iṣẹ́ yóò parí? Òṣìṣẹ́ àti irinṣẹ́ mélòó ni yóò gbà? Kí ló lè dí i lọ́wọ́? Láàárín 1896 sí 1964 ni àwọn ọgbọ́n tí a fi ń dáhùn wọn jáde ní tẹ̀léńtẹ̀lé. Ibi tí agbára ọ̀kan bá mọ ni òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán orí bébà

Karol Adamiecki, ẹnjiníà ọmọ Pólándì, ló kọ́kọ́ ya àwòrán tó ń fi àkókò iṣẹ́ hàn, ní 1896. Henry Gantt, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin, ya tirẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sí i, orúkọ Gantt sì ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, bí ọjọ́ iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ìlà náà ṣe ń gùn tó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwòrán yìí ni wọ́n fi ń ṣọ́ bí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ṣe ń lọ ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ kò fi hàn bí iṣẹ́ kan ṣe ń dúró de èkejì.

Ọ̀nà tó gùn jù

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ńlá rí: àwọn iṣẹ́ tó ń dúró de ara wọn ló ń di ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ní 1957, Morgan Walker ti ilé iṣẹ́ DuPont àti James Kelley ti Remington Rand fi kọ̀ǹpútà UNIVAC ṣírò ọjọ́ tó wà lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gùn jù ló ń pinnu ọjọ́ ìparí. Ìdádúró ọjọ́ kan níbẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ló dá dúró. Nílé iṣẹ́ kẹ́míkà DuPont kan ní Louisville, títi ilé iṣẹ́ pa fún àtúnṣe, tó ti máa ń gba wákàtí 125, wá di wákàtí 93.

Ní 1958, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí ló wà níwájú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà: mísáìlì Polaris, tí wọn yóò máa yìn láti abẹ́ omi. Ta ló mọ iye ọjọ́ tí yóò gbà? Ọgbọ́n ìṣirò tí wọ́n pè ní PERT ni wọ́n fi dáhùn, iye mẹ́ta ló sì ń béèrè fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ká ní bí iṣẹ́ kan bá yá, yóò gba ọjọ́ 4; bó ṣe sábà máa ń rí, ọjọ́ 6; bó bá burú, ọjọ́ 14. Wọn yóò fi 4 sọ 6 di púpọ̀, yóò jẹ́ 24. Wọn yóò ro 4 àti 14 mọ́ ọn, yóò di 42. Wọn yóò pín in sí 6. Ọjọ́ 7 ló jáde: ewu ti fi ọjọ́ kan kún un. Ní July 1960, Polaris fò jáde láti abẹ́ omi. Gbogbo ayé yin PERT, àmọ́ ìwé Harvey Sapolsky ní 1972 sọ pé àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà fi lé àwọn atọpinpin sẹ́yìn ju bí wọ́n ṣe fi darí iṣẹ́ lọ.

Ohun èlò àti ewu

Bí kíréènì bá jẹ́ ẹyọ kan, tí iṣẹ́ méjì sì fẹ́ lò ó lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ní láti dúró. Ìṣirò pípín ohun tí kò tó yìí ti wà láti 1939, nígbà tí Leonid Kantorovich ṣe é fún àwọn tó ń ṣe pákó plywood ní Leningrad. Ní 1947, George Dantzig wá ọ̀nà tó yá sí i.

Àléébù PERT ni pé ó ń tanni: ọ̀nà tó gùn jù nìkan ló ń wò. Bí ọ̀nà méjì tí ọ̀kan ò kan èkejì bá ní láti pàdé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè dé lásìkò lẹ́ẹ̀kan nínú méjì, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin péré ni méjèèjì yóò jọ dé lásìkò. Ìṣirò Monte Carlo, tí Stanislaw Ulam àti John von Neumann ṣe fún iṣẹ́ bọ́ǹbù ní Los Alamos, ló tán ìṣòro yẹn: kọ̀ǹpútà á ṣẹ́ ọjọ́ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́, á tún un ṣe lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, á wá ka iye ìgbà tí iṣẹ́ parí lásìkò. David Hertz ló gbé e wọ inú òwò ní 1964.

Lónìí, àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi Primavera àti Microsoft Project ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgbọ́n wọ̀nyí pọ̀. Àmọ́ iye tí a bá tẹ̀ sínú wọn ni wọ́n ń ṣírò. Wọn ò lè mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ọ̀gá ló mú òṣìṣẹ́ pe ọjọ́ 14 ní 6.