Ẹbí Igbá Nínú Ilé-Ọ̀gbìn Onígíláàsì

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, "ẹbí igbá" dúró fún àwọn ohun ọ̀gbìn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cucurbitaceae: igbá, ẹ̀gúsí, elégédé, kùkúńbà, ejìnrìn, kànkàn-ayaba, tòmátò eléjò àti àwọn mìíràn. Ìlò ni Yorùbá fi ń dárúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lára irúgbìn kan ṣoṣo, Lagenaria siceraria, ni a ti ń rí igbá, ahá, àdó, kèrègbè àti ṣẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn oníṣàngó ń mì. Ní ti ẹ̀gúsí ẹ̀wẹ̀, orúkọ kan ni, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀gúsí bàrà a máa fà nílẹ̀. Ẹ̀gúsí ìtóò, ìyẹn Cucumeropsis mannii, a máa gun igi. Ẹni tí àyè rẹ̀ kò fẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun.

Ní Life Camp, ní Àbújá, kò sí ìdí láti kọ́ ilé onígíláàsì kí òtútù má baà pa igbá. Ọyẹ́ a máa mú lóru lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi kì í dì lórí ewé. Bí àgbẹ̀ ibẹ̀ bá fi ọ̀rá àti àwọ̀n bo kùkúńbà rẹ̀, òjò líle àti kòkòrò ni ó ń sá fún. Ọ̀sán tí ó gùn jù lọ níbẹ̀ fi nǹkan bíi wákàtí kan ṣoṣo ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Ní London, ọ̀sán oṣù Kejìlá kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ lọ, ti oṣù Kẹfà sì ju mẹ́rìndínlógún. Ìrì dídì alẹ́ kan ṣoṣo sì tó láti pa ìtàkùn ẹ̀gúsí run.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni fífi ilé dáàbò bo ẹbí yìí. Pliny ará Róòmù kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń gbin irú kùkúńbà kan fún ọba Tiberius sínú ebè tí ó ní àgbá ẹsẹ̀, tí wọ́n ń tì sínú oòrùn, tí wọ́n sì ń fi òkúta tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá bò nígbà òtútù. Ní Kew, ní London, ilé onígíláàsì tí wọ́n kọ́ fún òṣíbàtà ní 1852 ni a ti ń rí igbá àti kànkàn tí ó so rọ̀ sókè omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Oṣù Kẹrin ni ó dára láti gbin irúgbìn náà sínú ìkòkò kékeré nínú yàrá tí ó móoru, ní nǹkan bí ìwọ̀n 20 sí 30 Celsius. Ẹ̀gúsí bíbó láti ọjà kò ṣeé gbára lé. Elépo ni kí a wá. Ìwé-ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn sì ni kí a béèrè fún kí a tó gbé irúgbìn kọjá ibodè. Àjọ NAQS ni ó ń fúnni ní ti Nàìjíríà. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ni a ó kó wọn lọ sínú ilé onígíláàsì, láìjẹ́ kí gbòǹgbò já, a ó sì fi ọ̀pá àti okùn gbé wọn ró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà ni òdòdó. Òdòdó akọ yàtọ̀ sí ti abo lórí ìtàkùn kan náà. Èso kékeré wà lábẹ́ òdòdó abo. Nínú ilé pípadé, oyin kì í ráyè wọlé, nítorí náà ọwọ́ ni a ó fi já òdòdó akọ, a ó sì fi lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ pa abo lára. Òdòdó kànkàn pupa rẹ́súrẹ́sú, òwúrọ̀ ni ó ń là. Ti igbá funfun, ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹni tí ó bá dé ìdí igbá ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ti pẹ́ jù. Ti ugu tún yàtọ̀: ìtàkùn akọ lọ́tọ̀, ti abo lọ́tọ̀. Ewé ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ lára rẹ̀, ẹyọ kan sì tó fún ìyẹn.

Èso tòmátò eléjò lè gùn ju mítà kan lọ. A lè so òkúta kékeré mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó má baà ká. Inú rẹ̀ tí ó pọ́n ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ dípò tòmátò.

Bí igbá tútù, elégédé tàbí kùkúńbà bá korò lẹ́nu lọ́nà àjèjì, kí a tu ú dànù. Májèlé ni ìkorò náà, iná kò sì lè pa á. Ti ejìnrìn kò rí bẹ́ẹ̀, ìkorò ni tirẹ̀ láti ilẹ̀.

Igbá tí a fẹ́ fi ṣe ohun èlò gbọ́dọ̀ gbó kí òtútù tó dé, lẹ́yìn náà ni a ó so ó rọ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ wà fún oṣù mélòó kan. Èébu yóò hù lára rẹ̀. Kí a nù ún kúrò. Bí èèpo kò bá ti rọ̀, igbá náà kò bàjẹ́, kóró inú rẹ̀ yóò sì máa dún nígbà tí ó bá gbẹ tán.