Àtùpà Vicente Sotto

Ìtàn tí mo gbé wá yìí kì í ṣe àlọ́: ìjàpá kò sí nínú rẹ̀, iwin kò sí nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú ayé. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹnu yóò yà yín.

Ní erékùṣù Cebu, ní ilẹ̀ Philippines, níbi tí òkun ti yí ilẹ̀ ká bí ọ̀já ti í yí ọmọ ká, ni wọ́n bí Vicente Sotto sí lọ́dún 1877. Àwọn Sípéènì ló ń jọba níbẹ̀ nígbà náà. Sotto ṣẹ̀ṣẹ̀ di géńdé ni Sípéènì kó ẹrù rẹ̀ lọ, tí Amẹ́ríkà wọlé. Olówó ẹrú yí padà, ọrùn ẹrú kò kúrò nínú àjàgà. Sotto kò gbé ìbọn, yíǹkì ló gbé. Ní 1899, ó dá ìwé ìròyìn La Justicia sílẹ̀. Àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà tì í pa. Ó dá El Nacional sílẹ̀. Wọ́n tún tì í pa, wọ́n sì ju òun fúnra rẹ̀ sínú Fort San Pedro, odi olókùúta tí àwọn Sípéènì mọ sí etí òkun.

Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú lẹ́ẹ̀mejì, ṣé kò yẹ kó wábi jókòó ni? Sotto kọ̀. Èdè Sípéènì ló fi ń kọ̀wé tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rúndún ogún ti ń là, ó yà sí èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó dá Ang Suga sílẹ̀, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Cebuano. Ìmọ́lẹ̀ ni "suga", àtùpà ni.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń tan irú àtùpà bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Òǹtẹ̀wé á dúró ti àpótí, á máa ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, òmíràn kò ju èékánná ọmọdé lọ. Á máa tò wọ́n lódìlódì, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìwé nínú dígí, títí ojú ewé yóò fi kún. Inú ìwé ìròyìn yìí ni Maming ti jáde, ìtàn tí Sotto fúnra rẹ̀ kọ, tí wọ́n kà sí ìtàn kúkúrú àkọ́kọ́ lédè Cebuano. Baba lítíréṣọ̀ Cebuano ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ilé ẹjọ́ wá dá a lẹ́bi pé ó jí ọmọbìnrin kan gbé, ó sì sá gba ojú òkun lọ sí Hong Kong ní 1907. Ó pẹ́ lọ́hùn-ún fún ọdún bíi méje, kò sì yé tẹ ìwé ìròyìn, kó tó padà sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di àràmàǹdà rèé. Ní 1946, Sotto ti di sẹ́nétọ̀. Ó gbé òfin kan kalẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fipá mú oníròyìn dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àṣírí fún un. Bó ṣe kọ ọ́, kò sí àyàfi kankan nínú rẹ̀. Àwọn aṣòfin bá ki gbólóhùn kékeré kan bọ̀ ọ́: àyàfi bí ire orílẹ̀-èdè bá béèrè rẹ̀. Sotto gbà. Ihò tó rò pé eku kò lè gbà, ejò gbà á wọlé.

Ní 1948, oníròyìn kan, Angel Parazo, kọ ọ́ jáde pé ìbéèrè ìdánwò àwọn tó fẹ́ di lọ́yà ti já síta. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kó dárúkọ ẹni tó sọ fún un. Parazo panu mọ́. Àwọn adájọ́ ní ire orílẹ̀-èdè béèrè rẹ̀, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù kan.

Sotto, baba ẹni àádọ́rin ọdún ó lé kan, fárígá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn adájọ́ kò lóye òfin tí òun fọwọ́ ara òun gbé kalẹ̀. Ní oṣù kìíní 1949, ilé ẹjọ́ kan náà bu ìtanràn 1,000 pẹ́sò lé e lórí. Káfíńtà tó ṣe ilẹ̀kùn ni ilẹ̀kùn há lọ́wọ́! Ọdún kejì ló kú.

Ẹ má tíì dìde. Ní 1956, àwọn aṣòfin fún ihò náà pọ̀: wọ́n yọ "ire" orílẹ̀-èdè kúrò, wọ́n fi "ààbò" rọ́pò rẹ̀. Ní 2019, wọ́n na òfin ọ̀hún dé ọ̀dọ̀ àwọn oníròyìn rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ló jókòó sórí àga ààrẹ ilé aṣòfin àgbà lọ́dún náà? Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Orúkọ bàbá náà ló sì ń jẹ́: Vicente Sotto Kẹta.